Ẹjọ́ Mèténì Tí Mo Fi Sun Ọ̀gá Rẹ

Saeedah, ọkàn mi kò balẹ̀ láti ọjọ́ Àlàmísì, mi ò sì lè kí ọ kí n tó jẹ́wọ́. Mo ti kọ lẹ́tà sí ọ̀gá yín níbi iṣẹ́ ààtàn. Mo ti fi ẹjọ́ Mèténì sùn ún. Mo ní kí wọ́n gbé e kúrò lọ́dọ̀ rẹ, pé bí wọn kò bá lè yà yín, kí wọ́n dá ọmọ mi padà fún mi sílé. Lẹ́tà náà ti dé Ìlọrin. Fàsílátù oníṣu ló mú un lọ lórí ọkọ̀ iṣu, ó ní òun fi lé aṣọ́nà yín lọ́wọ́, aṣọ́nà sì fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Ọkọ̀ ti lọ tán kí n tó mọ ohun tí mo mọ̀ báyìí. Bí wọ́n bá ti ń fi ọ́ rẹ́rìn-ín ní ọ́fíìsì, tàbí bí wọ́n bá ti ń múra láti dá ọ padà lóòótọ́, èmi ni mo fà á. Ṣe sùúrù kí o ka ìwé yìí dópin kí o tó bínú sí mi.

Ó yá, Àsàlámù àléékúmù. Àníkẹ́ ọmọ mi, ọmọ tí mo gbé pọ̀n nígbà tí gbogbo Ìdí-Igbá ń sọ pé ọkùnrin kì í pọnmọ. Ṣé ara le? Ṣé ẹsẹ̀ kò dùn ọ́ nínú bàtà rọ́bà yẹn? Ṣé èéfín kò wọ̀ ọ́ lójú? Níbi tí ọkọ̀ bá ti ń fi ẹ̀yìn rìn, Ọlọ́run Ọba yóò ti mú ìwọ kúrò níbẹ̀. Ilẹ̀ tó bá fẹ́ rì, ẹsẹ̀ rẹ yóò ti kọjá lórí rẹ̀. Àlùbáríkà iṣẹ́ náà yóò pọ̀ ju òórùn rẹ̀ lọ. Àmín.

Ilé kò burú. Ewúrẹ́ bí ìbejì. Orúnkún ìyá rẹ ṣì ń dùn ún ṣùgbọ́n ó ń fi òróró tí o rà pa á. Bẹ̀llò ẹ̀gbọ́n rẹ tó wà ní Challenge ní Ìlọrin níbẹ̀ kò pè mí láti ọjọ́ mẹ́jọ, bí o bá kọjá lọ́dọ̀ rẹ̀, wò ó bóyá ó rù, má sì sọ pé èmi ni mo ní kí o wò ó. Ọyẹ́ ti dé. Láàárọ̀, abúlé a máa fara pamọ́, n ó jókòó sí ìdí igi igbá, mi ò ní rí mọ́ṣáláṣí, ohùn ladaani nìkan ni n ó máa gbọ́, bí ẹni pé ìkùukùu ló ń pe ìrun. Irú àárọ̀ bẹ́ẹ̀ ni ọkàn mi máa ń lọ sọ́dọ̀ rẹ. O sọ fún mi nígbà Iléyá pé òkìtì ààtàn yín máa ń rú èéfín láàárọ̀ bí ìkòkò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí, pé àwọn lékeléke máa ń tẹ̀lé katapílà bí wọ́n ṣe ń tẹ̀lé màlúù Fúlàní níhìn-ín. Láti ìgbà náà, bí mo bá ti rí lékeléke kan, mo máa ń bi í bóyá ọ̀dọ̀ rẹ ló ti ń bọ̀. Kì í dáhùn, ṣùgbọ́n ó máa ń mi orí.

Àpò tí o fi rán Fàsílátù ní ọjà Ìpàtà dé láyọ̀. O mọ Fàsílátù, kì í jẹ́ kí abẹ́rẹ́ já bọ́ nínú ẹrù ẹni. Súgà pé, tíì pé, òróró pé. Àmọ́ nísàlẹ̀ pátápátá, lábẹ́ súgà, ni ìwé kan wà tí o kò dárúkọ rẹ̀ fún wa, ojú ìwé mẹ́ta, orúkọ rẹ wà lókè rẹ̀ gàdàgbà: Saeedah Àmínù, ẹni tó ṣètò iṣẹ́ yìí tó sì ń bójú tó o. Orúkọ mi lẹ́yìn orúkọ rẹ! Mo nu awò ojú mi, mo gbé àga lọ sí ìdí igi igbá, mo ń kà á bí ẹni tó ń jẹ oyin.

O mọ̀ pé mo ka sẹ́kọ́ńdírì dé kíláàsì karùn-ún, gẹ̀ẹ́sì kì í dẹ́rù bà mí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó wà lórí ìlà àkọ́kọ́ kò sí nínú èyí tí wọ́n kọ́ wa. HAZARD. Mo pè é, mo tún un pè, ara mi bù máṣọ. Hàsádì ni! Ta ni ní Ìlọrin tí kò mọ hàsádì? Ìlara àwọn tí kò fẹ́ kí ọmọ ẹni gòkè. Mo rò pé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé yín ni ahọ́n rẹ̀ wúwo tó fi kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn hàsídì, àwọn onílara ibi iṣẹ́ rẹ, ni mo rí tí o tò sílẹ̀ ní nọ́ńbà ní nọ́ńbà, mẹ́sàn-án.

Ẹni kìn-ín-ní ń jẹ́ METHANE. Mo pè é ní Mèténì. O kọ ìwà rẹ̀ síwájú rẹ̀: ó ń fara pamọ́ sábẹ́ òkìtì àti sínú kòtò, ojú kì í rí i, kò lóòórùn, ó lè pa ènìyàn láìpariwo, bí iná bá sì sún mọ́ ọn, ó di wàhálà. Ẹnì kejì ń jẹ́ LEACHATE, orúkọ yìí jọ ti obìnrin, mo pè é ní Líṣéètì. Òun ní tirẹ̀ dúdú, ó ń yọ́ rìn lábẹ́ ilẹ̀, ó sì ń wá kànga àwọn aládùúgbò láti bà á jẹ́. Mo ní obìnrin wo rèé! Níwájú hàsídì kọ̀ọ̀kan, ní ìparí ìlà, níbi tí wọ́n ti béèrè ẹni tí yóò bójú tó o, orúkọ rẹ ni. Saeedah, Saeedah, Saeedah, títí dé ìkẹsàn-án, bí ẹni pé wọ́n fi ìwọ nìkan ko gbogbo wọn lójú.

Ojú ìwé kejì kò le tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ní aago méje àárọ̀, kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, o máa ń bá àpótí irinṣẹ́ sọ̀rọ̀, TOOLBOX TALK. Èyí kò yà mí lẹ́nu. Èmi náà máa ń bá ọkọ́ mi sọ̀rọ̀, bàbá mi bá tirẹ̀ sọ̀rọ̀ títí ó fi kú, ìdílé wa ló wà. Ìyá rẹ kàn ní kí o máa rọra sọ ọ́, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ó ti rẹ̀ ọ́ jù.

Ojú ìwé kẹta ló wá mú ayọ̀ dé. NEAR MISS, oṣù yìí: méjì. Ìyá rẹ kò lọ jìnnà nínú ìwé ṣùgbọ́n ó mọ Miss, Miss ni wọ́n ń pe tísà tí kò tíì lọ́kọ. Ó ní ọ̀rọ̀ kejì, Near, ńkọ́. Mo ní ìtòsí ni. Saeedah, Bàríkísù ìyá rẹ dìde lórí orúnkún tó ń dùn ún! Ó ní ó ti sún mọ́ kí ọmọ òun má jẹ́ Miss mọ́, pé ọkùnrin méjì ló ń wá a, pé ọmọ yìí fi pamọ́ fún ìyá tó bí i, ó wá lọ sọ ọ́ fún ọ́fíìsì. Ní Jímọ̀ tó ṣáájú Àlàmísì yẹn, ó din mọ́sà, ó fi ṣe sàráà fún àwọn ọmọ kéú, ó ní kí wọ́n bá òun tọrọ kí Near Miss ọmọ òun máa pọ̀ sí i. Wọ́n ní àmín. Èmi náà ní àmín, mo sì fi mọ́sà méjì kún ti ọwọ́ mi. Ọlọ́run ṣíjú àánú wò wá.

Ọkàn mi ṣì wà lọ́dọ̀ Mèténì. Mo mú ìwé náà lọ bá Ààfáà. Ó ní kí n sọ orúkọ hàsídì, mo sọ ọ́. Ó ní orúkọ ìyá rẹ̀ ńkọ́. Mo yẹ ojú ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wò, wọn kò kọ ọ́. Ó ní òun kì í fi orúkọ ẹni tí kò ní ìyá ṣàdúrà, pé bóyá àlùjànnú ni, pé kí n kọ ìwé sí ọ̀gá rẹ ná nítorí àdúrà kì í di ìwé lọ́wọ́. Mo kọ́kọ́ fẹ́ pè ọ́. Mo gun orí ebè lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà, ṣùgbọ́n obìnrin inú fóònù ló tún gbé e, ó ní kí n gbìyànjú tó bá yá. Mo fẹ́ kí ó bá mi jíṣẹ́ fún ọ, mo wá rò ó pé mi ò mọ bóyá òun àti Líṣéètì mọra, mo gbé ẹnu mi dákẹ́. Bí mo ṣe kọ lẹ́tà nìyẹn. Mo kọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Mo ní kí wọ́n jọ̀wọ́ wá ibi tí afẹ́fẹ́ wà fún Mèténì, kí ó yéé lúgọ sábẹ́ òkìtì, kí wọ́n sì dí ọ̀nà kànga mọ́ Líṣéètì. Ibẹ̀ ni mo ti wá kọ ti pé kí wọ́n dá ọ padà. Omi ojú mi kán sórí rẹ̀, bóyá ọ̀gá yín yóò rò pé òjò ni.

Láàárọ̀ Àlàmísì ni ọkọ̀ iṣu gbé lẹ́tà náà lọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn kan náà, wọ́n ṣí pákó kúrò lórí kànga àtijọ́ tó wà nítòsí igi igbá, nítorí omi kànga tuntun ti ń lọ sílẹ̀. Shehu tó máa ń gbẹ́ kànga, èyí tó máa ń fi orin wọlé tó ń fi orin jáde, ti bọ́ ẹ̀wù, ó ti so okùn. Mo jókòó lábẹ́ igi, ìwé rẹ wà lórí itan mi, oòrùn inú ọyẹ́ funfun bíi wàrà, oorun sì ń gbé mi lọ díẹ̀díẹ̀. Mo bá rí Mèténì. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó wọ funfun, kò ní òjìji. Kò bá mi jà. Ó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọdé, ó dé ẹnu kànga, ó sì sọ̀kalẹ̀ sínú rẹ̀ bí ẹni tó ń wọ yàrá ara rẹ̀ lọ. Mo lajú. Shehu ti gbé ẹsẹ̀ kan sínú kànga.

Mo kígbe pé Shehu, má wọlé, Mèténì wà níbẹ̀. Ó ní ta ni Mèténì. Mo ní hàsídì ọmọ mi ni, ará ibi iṣẹ́ rẹ̀ ní Ìlọrin. Ó ní háà, Bàbá Saeedah, kí ni ará Ìlọrin wá ṣe nínú kànga wa, ṣé ó gba ìsinmi ni? Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, ẹnì kan ní bóyá ó wá wẹ̀ ni. Mo di ẹsẹ̀ Shehu mú. Àgbàlagbà bíi tèmi, mo di ẹsẹ̀ ẹni tó lè jẹ́ ọmọ mi mú, mo fi ọwọ́ kejì gbé ìwé rẹ, mo ka ohun tí o kọ síwájú orúkọ Mèténì fún wọn sókè: kí ẹnikẹ́ni má dá wọ kòtò, kí wọ́n yẹ afẹ́fẹ́ ibẹ̀ wò kí ènìyàn tó wọlé, kí iná má sún mọ́ ọn, kí ẹnì kan dúró lókè pẹ̀lú okùn, kí ó má sì kúrò, bí ẹni tó wà nísàlẹ̀ bá ṣubú, kí ẹni òkè má ṣe kó sí i láti lọ fà á. Gbólóhùn yẹn ló pa ẹ̀rín. Kò sẹ́ni tí kò rántí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò tí kànga gbé lọ́jọ́ kan náà ní abúlé kejì, tí àbúrò bẹ́ wọlé nítorí ó gbọ́ tí orin ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dákẹ́.

Ẹ̀rọ tí ẹ fi ń yẹ afẹ́fẹ́ wò, a ò ní. Mo mú àgbébọ̀ pupa ti ìyá rẹ, mo gbé e sínú agbọ̀n, a fi okùn sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ó ń ké lọ, ó ń ké lọ, ó wá dákẹ́. Nígbà tí a fà á sókè, ọrùn rẹ̀ ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ojú rẹ̀ ti pàdé. Shehu wo adìẹ, ó wo kànga, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀ tí mo dì mú. Ó jókòó sílẹ̀. Kò kọrin. Ìyá rẹ gbé adìẹ rẹ̀ lé itan, ó ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ, ó ń bú mi, ó ń fẹ́ ẹ, adìẹ náà sì lajú, ó dìde, ó ta gọ́ọ́gọ̀ọ́ lọ sílé. Kò yé ẹyin láti ọjọ́ náà. Ó kàn máa ń dúró lágbàlá, yóò máa wo ọ̀run.

Ariwo yìí ni Kàdíját, nọ́ọ̀sì wa, gbọ́ tó fi jáde. Ó gba ìwé lọ́wọ́ mi, ó kà á, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó ní Bàbá, kì í ṣe hàsádì lèyí, ewu ni. Ó ní ìwọ, Saeedah, lo jókòó ro gbogbo ewu tó lè ṣe àwọn òṣìṣẹ́ rẹ, o kọ wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n tó ṣẹlẹ̀, o sì kọ bí o ó ṣe tilẹ̀kùn mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ní àwọn òṣìṣẹ́ rẹ lo máa ń bá sọ̀rọ̀ ní aago méje, kì í ṣe àpótí. Ó ní gáàsì ni Mèténì, ìdọ̀tí tó ń jẹrà lábẹ́ òkìtì ló ń mí in síta, omi dúdú tó sì ń sun láti inú ààtàn ni Líṣéètì. Ó tilẹ̀ ní èyí tó wà nínú kànga wa lè má jẹ́ Mèténì gan-an, pé afẹ́fẹ́ burúkú oríṣiríṣi ni, pé mọ̀lẹ́bí ni wọ́n. Mo ní ó yé mi. Àmọ́ láàárín èmi àti ìwọ, Àníkẹ́: ohun tó ń fara pamọ́, tí kì í kí ènìyàn, tí kò lóòórùn, tó ń dúró de ọmọ ọlọ́mọ nínú òkùnkùn, bí èyí kì í bá ṣe hàsídì, kí ni hàsídì?

Mo wá ní kí ó bá mi sọ ti Near Miss, nítorí mo fẹ́ mọ orúkọ àwọn ọkùnrin méjèèjì. Ojú Kàdíját yí padà. Ó ní ohun tó fẹ́ pa ènìyàn tó wá tàsé ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ó kà á fún mi. Ọkọ̀ akólẹ̀ kan fi ẹ̀yìn rìn, ó ku díẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ òkìtì kan ya, ó ku ìṣísẹ̀ méjì. Wọn kò kọ ẹni tó wà níbẹ̀ síbẹ̀. Ṣé ìwọ ni? Bí kì í bá ṣe ìwọ, ọmọ ta ni?

Títí di àárọ̀ ọjọ́ kejì, mi ò lè sọ fún ìyá rẹ. Mọ́sà tí a jẹ! Àmín tí a ṣe! Nígbà tí mo sọ ọ́ tán, ó dáná sí ààrò. Ó wá ní sàráà náà kò ṣòfò, pé ọpẹ́ ni òun ṣe, òun kàn dúpẹ́ kí òun tó mọ ohun tí Ọlọ́run ṣe ni. Ó tún da ìyẹ̀fun sínú omi. Àwọn ọmọ kéú tún wá jẹ mọ́sà, a ní kí wọ́n yí àdúrà ti àkọ́kọ́ padà, wọ́n ní kò sí wàhálà, bí mọ́sà bá ti wà.

Lánàá, lẹ́yìn ìrun Aláàsárì, mo tún sùn lábẹ́ igi igbá, mo sì dé ọ̀dọ̀ rẹ. Gbogbo ohun tí Ìlọrin ti sọ nù ló ń gòkè bọ̀ ní ọ̀wọ̀ọ́wọ́, láti Ọjà-Ọba, láti Ìpàtà, àga ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, bàtà tí kò ní èkejì, agboòrùn tó yí padà, wọ́n ń rìn jẹ́jẹ́ bí àwọn tó ń bọ̀ láti Mẹ́kà. Ìwọ dúró lókè nínú ẹ̀wù rẹ tó ń dán, akoto lórí, o ń fi ọwọ́ júwe ibi tí kálukú yóò gbà, wọ́n sì ń gbọ́ràn sí ọ lẹ́nu. Rédíò mi tó kú lọ́dún kan wà láàárín wọn, ó kí mi. Lékeléke bo ojú ọ̀run. Mo fẹ́ gòkè wá bá ọ, o nawọ́ sí mi, o ní Bàbá mi, ẹ dúró níbẹ̀ yẹn, ẹ ò wọ bàtà. Nínú àlá pàápàá, o ò jẹ́ kí n kọjá okùn tí ẹ fi pààlà. Mo jí, inú mi bà jẹ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà inú mi dùn gidigidi.

Nítorí náà sọ fún ọ̀gá yín pé mo ti fa ẹjọ́ mi padà. Ibi tí mo ní kí wọ́n dá ọ padà, kí ó bá mi fi bírò pa á rẹ́. Ibi tí mo ní kí wọ́n wá afẹ́fẹ́ fún Mèténì, kí ó fi í sílẹ̀, Kàdíját ní bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń ṣe é, pé wọ́n máa ń ri páìpù sínú òkìtì kí ó lè máa rí ọ̀nà jáde.

Bí ọwọ́ bá dẹ̀, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí a fi ra okùn tó nípọn àti ìdérí irin fún kànga náà, àti ọkà bàbà fún adìẹ ìyá rẹ, ó yẹ kí á kẹ́ ẹ. Fi rán Fàsílátù, má fi sínú fóònù, èyí tí o fi sínú rẹ̀ níjọ́sí, mo gbọn fóònù náà títí, kò sí ohun tó já bọ́. Bá mi wá ẹ̀wù tó ń dán bíi tìrẹ fún Shehu. Ó ní òun kò ní wọ kànga kankan mọ́ láìwọ̀ ọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo sọ fún un pé Mèténì kì í wo aṣọ.

Mo dá ìwé rẹ padà nínú lẹ́tà yìí. Mo ti fi ọwọ́ da gbogbo rẹ̀ kọ, ẹ̀dà tèmi wà lábẹ́ ìrọ̀rí mi. Má bínú, mo fi ìlà kan kún un. Mo wo orúkọ rẹ níwájú ewu mẹ́sàn-án, mo wá ẹni tó ń bójú tó Saeedah, mi ò rí i. Mo mú bírò, mo fa ìlà kẹwàá. Ewu: kí ó máa ro ti gbogbo ènìyàn kí ó gbàgbé ara rẹ̀. Ẹni tó lè fara pa: òun, ìyá rẹ̀, bàbá rẹ̀. Ohun tí a ó ṣe sí i: àdúrà, bàtà tó dára, lẹ́tà. Ẹni tí yóò bójú tó o: Àmínù, bàbá rẹ̀. Mo buwọ́ lù ú.

Ọlọ́run tó ń rí ohun tí ojú kì í rí yóò máa ṣáájú rẹ wọ kòtò, yóò sì máa kẹ́yìn rẹ jáde. Ohun tó bá fẹ́ kàn ọ́ yóò máa tàsé títí láé. Àmín.

Tètè kọ èsì. Kò ní láti gùn. Kàn kọ ọ́ pé o ti sọ̀kalẹ̀ láti orí òkìtì lónìí, pé ẹsẹ̀ rẹ méjèèjì ṣì wà nínú bàtà. Àpótí kékeré kan wà ní ìparí ìlà kọ̀ọ̀kan tí wọ́n ní kí á fàmì sí bí gbogbo nǹkan bá ti dára. Ti ìlà kẹwàá nínú ẹ̀dà tèmi ṣì ṣófo, bírò sì wà lọ́wọ́ mi.